Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ í Fò, Àbàtà Ni Kò Tó Wọn í Bà Sí Mọ́

Àwọn àgbà ló ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra, kò sì sí ẹni tó lè já wọn ní koro. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tí í fò títí láìbà, ilẹ̀ tí ẹyẹ ń bà sí ni kò sì tó mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀rọ̀ náà kan ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé láti Ayọ̀bọ̀ dé Ìgándò, àti láti Ìkòtún dé Ìjẹ̀gun, ilẹ̀ àbàtà tó wà létí odò Owo àti létí àwọn ìṣàn kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀ ń dín kù lábẹ́ yanrìn, pàǹtírí àti ilé tuntun, ó sì dà bí ẹni pé ohun tó ń sọnù níbẹ̀ kò ká ẹnikẹ́ni lára. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ilẹ̀ àbàtà wọ̀nyí kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olóhun tàbí ilẹ̀ tí kò wúlò: ibùsọ̀ ni wọ́n fún àwọn ẹyẹ tó ń rìnrìn-àjò ọ̀nà jíjìn, àwọn ni wọ́n sì ń gba omi òjò tí ìbá máa wọ yàrá àwọn aráàlú. Ẹni tó bá ba ọ̀kan jẹ́ ti ba èkejì jẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ohun tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ àbàtà nílò àlàyé. Nínú àdéhùn àgbáyé tí àwọn aṣojú ìjọba fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Ìránì ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1971, gbogbo ibi tí omi bá ti ń bá ilẹ̀ gbé ni wọ́n kà sí ilẹ̀ àbàtà, yálà omi náà ń ṣàn tàbí ó dágún, yálà ó ń wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún tàbí ó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà jẹ́ omi dídùn tàbí omi iyọ̀. Àní etí òkun pàápàá wà lára rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí omi ibẹ̀ kò bá ti jìn ju mítà 6 lọ nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn. Nípa báyìí, àkùrọ̀ tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń dá, igbó èèsún tó wà létí odò, ẹrọ̀fọ̀ tí omi ọ̀sà ń bò mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣí sílẹ̀, àti adágún tí òṣíbàtà àti òjúoró bò lójú, ilẹ̀ àbàtà ni gbogbo wọn.

Ẹyẹ aṣíkiri, ní tirẹ̀, ni ẹyẹ tó ń kúrò ní agbègbè kan lọ sí òmíràn ní àsìkò kan pàtó lọ́dún, tó sì ń padà nígbà tí àsìkò bá yí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan ń yé ẹyin, wọ́n sì ń tọ́mọ ní Yúróòpù àti ní àríwá Éṣíà, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti ń bọ̀, tí kòkòrò tí wọ́n ń jẹ sì ń tán lọ, wọn a gbéra wá sí Áfíríkà láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, wọn a sì padà láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni oríṣi alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí osùn, tí ìrù rẹ̀ sì là sí méjì, ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Lọ́dún 1911, wọ́n fi òrùka kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára sẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún 1912, ẹyẹ kan náà tọwọ́ ẹnì kan bọ̀ ní Natal ní Gúúsù Áfíríkà. Ìgbà náà ni iyèméjì tán pé ẹyẹ bíńtín bẹ́ẹ̀ ń la Áfíríkà já láti òkè dé ilẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí kì í kúrò ní Áfíríkà rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tẹ̀lé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn láti àríwá sí gúúsù. Lékeléke, tí àwọn ọmọdé ń na ìka sí kí èékánná wọn lè funfun, wà nínú wọn: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pọ̀ ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn a gba ọ̀nà àríwá lọ láti lọ pamọ. Àwòdì náà ń ṣe irú ìrìnàjò yìí. J. H. Elgood, tó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú C. H. Fry àti R. J. Dowsett, ti ko ẹ̀rí jọ nípa irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Ohun tó tẹ̀yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ni pé àbàtà tó wà ní gúúsù àti èyí tó wà ní àríwá jọ ń tọ́ ẹyẹ kan náà ni. Bí ọ̀kan bá gbẹ, èkejì kò lè dá a tọ́.

Ọ̀rá tó tò jọ sábẹ́ awọ ẹyẹ ló ń gbé e dé ibi tó ń lọ. Aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ̀ ju 1,500 kìlómítà lọ láti àríwá dé gúúsù, kò sì sí oúnjẹ tàbí omi tó láárí fún ẹyẹ kékeré ní ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń jẹun títí ara wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì kí wọ́n tó dágbére fún ilẹ̀ tútù tó gbẹ̀yìn. Awakọ̀ tó bá ń ti Ìkòtún lọ sí Sókótó gbọ́dọ̀ rí ilé epo lójú ọ̀nà. Bí ó bá bá gbogbo èyí tó gbójú lé ní títì pa, inú igbó ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò kú sí, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára tó. Lóòótọ́, lọ́dún 2022, ẹyẹ etíkun kan gbéra ní Alaska ó sì balẹ̀ sí Tasmania lẹ́yìn ọjọ́ 11, tó fò ju 13,000 kìlómítà lọ láìdúró níbì kankan. Ìwọ̀nba ẹyẹ ló ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níbí, wọ́n ń sinmi níbẹ̀, bí ibùsọ̀ kan bá sì ti parẹ́, ìrìn tó wà láàárín èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e á gùn ju ohun tí ọ̀rá ara wọn lè gbé lọ.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo etí ìṣàn omi láàárọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè rí ohun tí ibùsọ̀ jẹ́ ní ti gidi. Ẹyẹ etídò kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Actitis hypoleucos, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àwọ̀ ẹrọ̀fọ̀, tí ikùn rẹ̀ funfun, tí funfun náà sì yọ sókè díẹ̀ níwájú ìyẹ́ apá rẹ̀. Òun nìkan ni ó sábà máa ń dá rìn. Ìdí rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó ń mì ín lókè nísàlẹ̀ bó ti ń rìn lórí ẹrọ̀fọ̀, ó ń ṣa kòkòrò àti ìdin jẹ láàárín òkúta, bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá sì dún, a fi apá gbọn omi lójú lọ sí òdìkejì. Ẹyẹ yìí kò nílò igbó ńlá. Etí omi tí wọn kò tíì da kọnkéré bò, tí kòkòrò sì wà nínú ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀, tó o. Ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ yàtọ̀: ojú òfuurufú ni ó ti ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, inú koríko gíga ni ó ń sùn, ọ̀pọ̀ yanturu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, ó ju mílíọ̀nù kan wọn lọ tó ń wá sùn nínú igbó èèsún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń dẹ wọ́n jẹ kí ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ohun abẹ̀mí ní Nàìjíríà, Nigerian Conservation Foundation, tó dá sí i. Èèsún tí wọ́n ń dáná sun létí odò ní Alímọ̀ṣọ́ pé kí ilẹ̀ lè mọ́, irú yàrá tí ẹyẹ ń sùn sí nìyẹn.

Odò Owo tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ń ti ìpínlẹ̀ Ògùn ṣàn bọ̀, ó ń gba ìhà ìwọ̀-oòrùn Alímọ̀ṣọ́ kọjá, ó sì ń já sínú ọ̀sà Ologe, tí omi rẹ̀ ń bá ọ̀nà omi Àgbádárìgì pàdé. Ọ̀nà omi Àgbádárìgì yìí ló tún lọ kan ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Nítorí náà, omi tó kọjá lẹ́yìn ilé ní Ìgándò wà lára okùn gígùn kan tó tẹ̀lé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí ẹyẹ ń tẹ̀lé gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà. Ẹ̀rí pé omi kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè kò ṣòro rí: lọ́dún 1984, koríko orí omi olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi pa títí dòní gba ọ̀nà omi yìí kan náà wọ Nàìjíríà láti Benin. Ibi tí ìbàjẹ́ bá gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni àǹfààní ń gbà.

Ìyà tó ń jẹ omi yìí kò mọ sí ibì kan. Ní Ìgándò, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) lọ sí Ìṣẹ̀rí, ni ààtàn Solous wà, níbi tí wọ́n ti ń da pàǹtírí Èkó sí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí ìdọ̀tí, omi dúdú a máa sun jáde lábẹ́ rẹ̀, a sì máa wá ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí tó ti yẹ omi kànga tó yí ààtàn náà ká wò ti rí àpẹẹrẹ ìbàjẹ́ nínú rẹ̀. Lékeléke àti àwòdì máa ń rọ́ lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì rí wọn lè rò pé ẹyẹ pọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Àṣìrò ni. Àwọn ẹyẹ tó lè jẹ ohunkóhun ló ń rọ́ lọ sí orí ààtàn. Ẹyẹ etídò tó ń ṣa ìdin nínú ẹrọ̀fọ̀ tó mọ́ kò lè bá wọn jẹ níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ odò, omi ìdọ̀tí láti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Agbárá ti ń ṣàn wọ ọ̀sà Ologe, àwọn onímọ̀ ẹja sì ti kọ púpọ̀ lórí ohun tó ń ṣe sí omi ọ̀sà náà.

Síbẹ̀, yanrìn ló burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé omi tó bàjẹ́ ṣì lè mọ́ padà, ṣùgbọ́n àbàtà tí wọ́n ti kún ní yanrìn, tí wọ́n sì ti gbé ilé lé lórí, ti di ìtàn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò fara sin: wọn a gé igi àti èèsún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi fà sẹ́yìn, típà a bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn àti àlàpà ilé, ilẹ̀ a ga díẹ̀ ju ti aládùúgbò lọ, wọn a gé e sí púlọ́ọ̀tì, wọn a sì tà á fún ẹni tí kò rí ibẹ̀ rí nígbà òjò. Omi tí àbàtà náà ń gbà tẹ́lẹ̀ kò parẹ́ o. Ilé ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ni ó ń lọ. Àwọn ará Èkó kò tíì gbàgbé òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, tó sọ ọ̀pọ̀ àdúgbò di odò láàárín ọjọ́ kan. Àbàtà ló máa ń fa irú omi bẹ́ẹ̀ mu, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí dírénéèjì tí ìjọba lè gbẹ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ bí àbàtà ti ń ṣe é.

A kò lè sọ pé òfin kò sí. Nàìjíríà ti darapọ̀ mọ́ àdéhùn Ramsar láti ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2001, ó sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹyẹ omi tó ń rìnrìn-àjò láàárín Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Òfin ọdún 1992 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ní ìlànà ọdún 2009 tí wọ́n ṣe ní pàtó fún ààbò ilẹ̀ àbàtà, bèbè odò àti etí adágún. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ohun tó kù ni kí òfin sọ̀kalẹ̀ láti inú ìwé wá sí etí odò, níbi tí típà ń da yanrìn sí lọ́sàn-án gangan.

Ibi tí Nàìjíríà ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar jẹ́ 11, láti orí adágún Nguru ní àríwá dé adágún Oguta ní ilẹ̀ Ìgbò, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìdàkejì rẹ̀ ni ti Benin, tó ti forúkọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé sílẹ̀ láti ọdún 2000. Omi kan náà ni, ẹyẹ kan náà ni: ní òdìkejì ààlà, wọ́n ní orúkọ nínú ìwé àgbáyé, ní ìhà tibí, ilẹ̀ tí wọ́n ń kún ni. Gánà forúkọ ibi márùn-ún sílẹ̀ ní etíkun rẹ̀ lọ́dún 1992, tí Sakumo, tó wà láàárín Accra àti Tema, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n Sakumo tún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kejì: nítorí pé wọn kò ṣọ́ ààlà rẹ̀, ilé kún inú rẹ̀, nígbà tí omíyalé sì dé lọ́dún 2022, ìjọba ní láti máa fi katapílà wó ilé tí àwọn ènìyàn ti fi owó ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ìforúkọsílẹ̀ láìsí ìṣọ́ kò gba nǹkan là.

Àwọn kan yóò béèrè pé ṣé ẹyẹ ló yẹ kí ìlú máa rò nígbà tí ènìyàn kò rílé gbé. Ìbéèrè náà kì í ṣe èyí tó yẹ kí a fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí Alímọ̀ṣọ́, iye tí ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ kà sì ju mílíọ̀nù méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wọ ìlú kò dín kù láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ta àbàtà fún kò tíì rílé. Gbèsè àti omi ló rà. Bí ilé bá ń wọ ìlú, òkè ni ó yẹ kó máa ga sí lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kì í ṣe kó máa tẹ́ lọ sínú odò. Bẹ́ẹ̀ ni ààbò àbàtà kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun níbẹ̀. Àwọn tó ń dá àkùrọ̀ létí omi, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú fún àwọn ọjà ìlú, ń lo ilẹ̀ náà láìpa á, ẹyẹ sì ń ṣa kòkòrò láàárín ebè wọn. Àwọn ni ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ fi ṣe olùṣọ́, torí pé yanrìn tó bá bo àbàtà yóò bo oko wọn pẹ̀lú.

Ohun mẹ́ta ni ìwé ìròyìn yìí ń béèrè. Àkọ́kọ́ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wọn ilẹ̀ àbàtà odò Owo láti Ayọ̀bọ̀ títí dé ọ̀sà Ologe, kí wọ́n ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì tẹ àwòrán ilẹ̀ náà jáde fún gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lè mọ èyí tí kò ṣeé rà. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè bí Ìkòtún-Ìgándò, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù àti Ayọ̀bọ̀-Ìpájà sì ní ẹni tó ń lọ wo ààlà náà lóṣooṣù. Èkejì ni kíka ẹyẹ. Kí ibì kan tó lè wọ ìwé Ramsar nítorí iye ẹyẹ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa gba ẹyẹ omi tó tó 20,000 tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irú ẹyẹ kan, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi èyí hàn láìsí ìwé ìkàyé ọdún dé ọdún. Oṣù kìíní ni wọ́n ń ka ẹyẹ omi káàkiri Áfíríkà. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí omi yìí, ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis tó wà ní Jos sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ náà láti ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn. Kí wọ́n pawọ́ pọ̀, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní Ìgándò àti Ìkòtún sì rán àwọn ọmọ wọn bá wọn lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó jọ forúkọ ọ̀sà Ologe àti ọ̀nà omi Àgbádárìgì sílẹ̀ bí ìkàyé bá ti pé, kí wọ́n sì bá Benin jókòó kí ìhà méjèèjì lè jọ máa ṣọ́ omi kan náà. Èkó kò ṣàìmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ọgbà ààbò tó wà ní Lẹ́kí, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, tó fẹ̀ tó 78 hẹ́kítà, ṣì dúró láàárín ilé àti ọ̀nà ọlọ́dà, àwọn ènìyàn sì ń sanwó wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Alímọ̀ṣọ́ tó ní èrò ju gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó lọ kò ní irú rẹ̀.

Àbàtà tó kù ní Alímọ̀ṣọ́ ṣì ṣeé gbà là, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi bọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ ní Ìgándò tàbí Ìjẹ̀gun lónìí, kó kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ nínú oṣù keje. Ẹni tó bá sì rí típà tó ń da yanrìn sínú odò, kó fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí lọ́jọ́ náà gan-an. Ìjọba tó bá gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò dìde ti gbà pé omi ni kó máa wọlé àwọn ará ìlú.